Kókó Tó Wà Lára Ọwọ́ Ọ̀kadà Mi

Mo rántí ìgbà tí ọwọ́ mi méjèèjì kọ̀ láti ṣí ní Obalende. Òjò ti ń rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ wọ inú eegun, èmi sì gun ọ̀kadà ilé-iṣẹ́ wa láti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ síbẹ̀ láti sọ fún àwọn ará ìlú lórí rédíò bí omi ṣe bo ojú títì. Nígbà tí mo dúró, mo ní kí n tẹ fóònù kí n lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìka mi kò gbọ́. Wọ́n ká mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà bí èékánná adìyẹ ṣe ń ká mọ́ igi tó sùn lé. Mo ń gbọ́ ohùn olóòtú ètò nínú ohun tí mo fi sétí: "Oníròyìn wa ti dé Obalende. Ẹ káàárọ̀ o. Kí lẹ ń rí níbẹ̀?" Ohun tí mo ń rí ni ọwọ́ ara mi. Kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ kan ló bá mi tú ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi í sílẹ̀ jàre, kò ní sá lọ."

SS ni ẹ̀jẹ̀ mi. Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn àgbà máa ń pe irú wa, mo sì kórìíra orúkọ náà láti kékeré, nítorí ó jọ pé wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí mọ̀ pé òtútù kì í ṣe nǹkan kékeré. Òtútù a wọ ìka, ẹ̀jẹ̀ a dúró, ìrora a sì bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ gòkè títí a ó fi bá ara wa lórí ibùsùn ọsibítù. Ibẹ̀ náà ni mo ti jí lẹ́yìn ti Obalende. Ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í pariwo, wá wò mí, ó jókòó, ó sì sọ fún mi pé: "Mo fẹ́ràn ohùn rẹ. Mi ò fẹ́ sin ín. Tí èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, wàá kó kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà sílẹ̀, wàá wọlé wá jókòó, wàá máa ka ìròyìn tí ẹlòmíràn kó wá."

Ìyá mi, tó dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ní, "Áámínì." Àdúrà ló pè é.

Lójú mi nígbà náà, kò sí ìjìyà tó tó kí ènìyàn máa ka ohun tí ojú ẹlòmíràn rí. Ọmọdé ń ṣe mí. Mo gbà tọkàntọkàn pé Èkó kò ní jí láàárọ̀ bí mi ò bá kọ́kọ́ pè é lórí rédíò.

Mo gbìyànjú ìbọ̀wọ́ onírun. Nígbà tí òjò rin ín, ó tutù ju ọwọ́ lásán lọ. Mo gbìyànjú ìbọ̀wọ́ onírọ́bà tí àwọn obìnrin fi ń fọ ẹja. Kò jẹ́ kí n mọ ibi tí bíréèkì wà. Mo fi ọ̀rá wé ọwọ́, àwọn tó wà ní bọ́síìsítọ́ọ̀pù sì bi mí léèrè ohun tí mò ń tà. Òjò kò dáwọ́ dúró. Ní gbogbo àárọ̀ ni mo máa ń wo sánmà kí n tó wo ojú ìyá mi.

Rewáyà kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri agboolé wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni tó ń ṣe gbogbo iná ọkọ̀ àti ọ̀kadà àdúgbò. Ó ti ra òkú ọ̀kadà tokunbo ńlá kan, ó ń tú u palẹ̀ fún páàtì. Bí mo ṣe ń kọjá ló pè mí.

"Bọ̀ọ̀dá Rédíò! Ẹ wá wo wèrè òyìnbó. Wọ́n fi iná sínú ọwọ́ ọ̀kadà!"

Mo yà síbẹ̀. Rọ́bà méjì ni, àwọn tí ènìyàn máa ń dì mú bó bá ń gun ọ̀kadà, ṣùgbọ́n wọ́n nípọn ju tiwa lọ, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sì jáde nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rewáyà so wọ́n mọ́ bátìrì kan nílẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbóná.

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ta ni òtútù ń mú ní Èkó yìí? Ooru tó ń pa wá ò tó ni?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó rántí ọsibítù. Ó wo rọ́bà náà, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Ẹ gbé ọ̀kadà yín wá."

Mo dúró tì í ní gbogbo ọjọ́ náà. Ó gé rọ́bà àtijọ́ kúrò. Ti ọwọ́ òsì kò le, irin lásán ló máa wọ̀. Ti ọwọ́ ọ̀tún ni wàhálà wà nínú rẹ̀, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo: bí a bá yí i sí ara wa, ọ̀kadà a sáré, bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, sípíríǹgì kan wà tó ń fà á padà, a sì gbọ́ "tàà". Rewáyà fi fáìlì ha ike abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù kùn ún, ó ń yí i, ó ń fi í sílẹ̀, ó ń tẹ́tí. Tàà. Tàà. Ó tọ wáyà náà gba abẹ́ táńkì lọ sí ìdí bátìrì, ó fi fíúsì sí i, ó sì dè é mọ́ kọ́kọ́rọ́, kó lè jẹ́ pé bí mo bá ti pa ọ̀kadà, iná ọwọ́ náà á kú. Ṣùgbọ́n lápá ọ̀tún, ó fi wáyà náà sílẹ̀ kó tẹ̀ jáde bí etí àgbò.

Mo ní, "Eléyìí ò tíì parí."

"Ó ti parí. Ọwọ́ yìí ń yí, wáyà náà gbọ́dọ̀ máa bá a yí. Ẹ jẹ́ kó máa mì o."

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá mi jáde. Iná ni etí rẹ̀ mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wa. "Iná kí ni? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo bẹntiróòlù? Rewáyà, ọwọ́ ọmọ mi lo fẹ́ yan bí ẹja?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Kì í ṣe iná tó ń jó. Iná tó ń gbóná ni."

"Èwo ni kì í gbóná nínú iná?"

Ó ní kí rewáyà tàn án. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dà bí ife tíì," ó sì bá tirẹ̀ lọ láìsọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ọjọ́ náà ni "ọwọ́ ńkọ́?" ti di ìkíni ní agboolé wa. Ẹni tó bá bi mí, mi ò mọ̀ bóyá ti ara mi ló ń bèèrè tàbí ti ọ̀kadà, mo sì máa ń dá wọn lóhùn pé, "Ó gbóná."

Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn. Mo gun ọ̀kadà gba Marina nínú òjò pẹ̀lú ìka tó rọ̀ bí búrẹ́dì. Mo sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lórí rédíò pàápàá. Mo ní èmi nìkan ni oníròyìn tí ìjọba kì í mú iná lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín ju àwọn olùgbọ́ lọ.

Mo ní láti sọ nípa Bàbá Àgbà níbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ni olórí agboolé wa. Wọ́ọ̀fù, ní èbúté ọkọ̀ òkun, ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìntì, iṣẹ́ tó sì ṣe níbẹ̀ ni kí ó máa so ẹrù. Ó máa ń sọ pé ẹrù tí òun bá so, òkun lè dojú ọkọ̀ délẹ̀, kò ní tú. Nígbà tó délé, kò rí ẹrù so mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í so agboolé. Ó ń gé túùbù táyà sí tínrín, ó ń kó o sápò agbádá. Ilẹ̀kùn tó ń gbá, ó so ó. Páìpù omi, okùn ìsáṣọ, ẹsẹ̀ àga, àgbò Iléyá, gbogbo wọn ló so pẹ̀lú kókó kan tó ní apá méjì tó dọ́gba, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè tú láìlo ọ̀bẹ. Bí nǹkan bá ń mì, ara Bàbá kì í balẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò tún wà. Ọ̀gá mi pè mí: omi ti tún gba Obalende, kí n lọ. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ̀ pé ibẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ni. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi yà sápá ọ̀tún. Ọ̀tún náà ni mo yà ní òpin àdúgbò. Ọwọ́ mi gbóná, ọkàn mi ló tutù.

Olóòtú ètò wá sórí fóònù kí n tó dé Tinúbú. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ará ìlú gbọ́ mi lójú ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará Èkó. Mo ti ń wọ Tinúbú báyìí..." Ọkọ̀ kan sì dábùú ọ̀nà níwájú mi. Mo yí ọwọ́ ọ̀kadà sápá òsì pátápátá láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ti gbìyànjú láti rántí rẹ̀ bí oníròyìn, kò ṣeé ṣe. Nítorí náà ni mo ṣe padà lọ bá àwọn tó rí i. Gáàdì báńkì kan sọ fún mi pé: "Mo rò pé olè ni yín, Ọ̀gá. Ọ̀kadà yín ké, ó gbéra nílẹ̀, ó dojú kọ àwọn tó ń dúró de mọ́tò. Mo ti mú kóńdó mi." Abokí tó ń po tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní: "Wallahi, ojú rẹ tóbi bí abọ́." Obìnrin kan tó wà nínú àwọn tó ń dúró, tó gbé ọmọ pọ̀n, kò jẹ́ kí n parí ìbéèrè mi. "Ẹ̀ ń pariwo 'Ẹ yà! Ẹ yà!' Níbo la fẹ́ yà sí? Ògiri ló wà lẹ́yìn wa."

Èyí tí èmi rántí kò pọ̀. Mo rántí pé mo jọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún, kò sì padà. Kò sí "tàà". Ọ̀kadà ń lọ fúnra rẹ̀. Mo rántí ẹsẹ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ pupa. Mo sì rántí pé ìka ọwọ́ òsì mi gbọ́ràn. Mo sọ fún wọn kí wọ́n fa kílọ́ọ̀ṣì tó ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, wọ́n fà á títí dé irin. Ọ̀kadà kò sáré mọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sórí kọ́kọ́rọ́, ó pa á. Mo ṣubú sínú omi ẹ̀gbẹ́ títì níwájú ẹsẹ̀ obìnrin náà, orúnkún mi bó.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ ni mo gbọ́ ohùn olóòtú létí mi: "Oníròyìn wa? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Gbogbo Èkó ti gbọ́ ọ.

Ìyá mi náà ti gbọ́ ọ. Nígbà tí mo fi máa ti ọ̀kadà délé, ó ti di aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rewáyà mú níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ará àdúgbò ti pé. "Mo sọ fún ọ! Mo ní iná ni! O fẹ́ fi ọmọ mi dá àrà!" Ẹnì kan ní kí wọ́n lé e kúrò ní ògiri agboolé. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fa nǹkan náà tu kí wọ́n sọ ọ́ sọ́sà. Rewáyà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun kan ló ń tún sọ: "Ẹ jẹ́ kí n wo ọ̀kadà náà. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó."

Fóònù mi dún. Ọ̀gá mi ni. "Ṣé o wà láàyè? Ó dáa. Gbé ọ̀kadà náà padà wá lónìí."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fún mi láyè kí n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Ìròyìn lo fẹ́ fi ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ó mí kanlẹ̀. "Kí n gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kókó rẹ̀ nìkan ni kí o sọ fún mi."

Mo lọ́sọ̀ọ́ ti ọ̀kadà. Rewáyà yọ ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyá mi, ó lọ́sọ̀ọ́ tì mí. Wáyà tó fi sílẹ̀ bí etí àgbò kò tẹ̀ mọ́. Ó nà tan-n-tan lọ sára irin abẹ́ táńkì, wọ́n fi túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ ibẹ̀. Mo yí ọwọ́ ọ̀kadà sápá òsì. Wáyà náà fà, ó sì yí ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń fún un lépo. Rewáyà wò mí. Èmi náà wò ó. Kókó náà ní apá méjì tó dọ́gba.

Ọ̀gá mi ní kí n mú kókó wá. Kókó gan-an ni mo rí.

Mo fi ọwọ́ bò ó. Mi ò mọ ohun tí n ó ṣe. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á lé rewáyà, wọ́n á fa iná ọwọ́ mi tu, ọ̀kadà á padà sí ilé-iṣẹ́, èmi á sì wọlé lọ jókòó. Bí mo bá sọ ọ́, lójú gbogbo àdúgbò, mo ti sọ pé olórí agboolé wa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọ̀rọ̀ tí mò ń wá ni kò jẹ́ kí n tètè gbọ́ ìró bàtà Bàbá.

Ó ní, "Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀."

Mo gbé e kúrò.

Ó tẹ̀ ba, ó wò ó pẹ́. Mo rí i tí ó ń fi àtàǹpàkò tẹ kókó náà bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó le dáadáa. Nígbà tó nàró, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọ̀kadà.

"Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo so ó lálẹ́ àná. Ó ń mì. Mo rò pé ó gbàgbé rẹ̀ ni."

Ìyá mi wólẹ̀ lórí eékún. "Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀..."

"Kí n má sọ kí ni? Ìwọ náà gbọ́ igbe rẹ̀ lórí rédíò. Mo rò pé mo ti so ó mọ́ra kó má baà bọ́." Ó yíjú sí rewáyà, tó ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ láìmọ ohun tó yẹ kó ṣe. "Dìde, ọmọ mi. Má bínú. Fi hàn mí bó ṣe yẹ kó rí."

Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Rewáyà jẹ́ kí wáyà náà tẹ̀ padà, ó mú ọwọ́ Bàbá lé ọwọ́ ọ̀kadà, ó ní kó yí i, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Tàà. Bàbá tún yí i. Tàà. Ó yí ọ̀kadà sápá òsì, ó yí i sápá ọ̀tún, ó ń tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ àdúrà.

Mo pe ọ̀gá mi. Mo sọ kókó náà fún un. Mo sì sọ èyí tó kù: ní Tinúbú, ìka òsì mi ló fa kílọ́ọ̀ṣì. Ìka tí kọ̀ńdọ́ tú ní Obalende kò lè fà á láéláé. Ká ní ọwọ́ mi tutù láàárọ̀ yẹn, ọmọ oníbọ̀sẹ̀ pupa ni ǹ bá máa ròyìn rẹ̀.

Ó ní, "Omi Obalende ńkọ́? Ṣé ó ti fà?" Mo mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ṣì jẹ́ tèmi.

Láti ọjọ́ náà, mi ò jáde nílé láàárọ̀ kí Bàbá Àgbà má jáde ṣáájú mi. Òjò ì báà máa rọ̀, yóò gbé agboòrùn, yóò yí ọwọ́ ọ̀kadà sápá òsì, yóò fún un lépo, yóò jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá ti gbọ́ "tàà", yóò ní, "Ó dìgbà o." Kò so nǹkan mìíràn mọ́ ọ̀kadà náà láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń wọ àpò lọ.

Inú ilé ni mo ń jókòó sí báyìí. Ẹnikẹ́ni kò fi jẹ mí níyà. Ọjọ́ orí ló pè mí wọlé. Mò ń ka ohun tí ojú àwọn ọ̀dọ́ rí, mo sì máa ń bi wọ́n pé, "Ta ló rí i? Kí ló sọ gan-an?" Ilé-iṣẹ́ fi ọ̀kadà náà ta mí lọ́rẹ nígbà tí ó gbó. Ó wà ní agboolé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù omi tí kókó Bàbá ṣì wà lára rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti sin Bàbá. Páìpù náà ti jò, a pe oníṣẹ́ omi, ó ní kí a gé kókó náà kí òun lè ráyè ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó fún un ní ọ̀bẹ.

Bí òjò bá ń rọ̀ láàárọ̀ tí eegun mi ń dùn mí, mo máa ń jáde lọ ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Mo ń gbé ọwọ́ lé e títí á fi gbóná. Lẹ́yìn náà mo ń yí i sápá òsì, mo ń jọ̀wọ́ rẹ̀, mo sì ń dúró díẹ̀ fún ẹni tí yóò sọ pé ó dìgbà.